Kí Ọjọ́ Tó Pé: Bí A Ṣe Ń Sọ Àṣẹ Ààbò Dọ̀tun ní Kóòtù Kalifóníà

Kí ẹ tó ka orí ìwé yìí síwájú, ẹ mú ìwé àṣẹ ààbò yín jáde níbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ kóòtù ìdílé ní Kalifóníà ló fún yín, tí adájọ́ sì gbọ́ ẹjọ́ kí ó tó fọwọ́ sí i, ẹ ó rí DV-130 tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ àti aago tí àṣẹ náà yóò parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ojú yín ti máa ń dé lójoojúmọ́.

Abala 6345 nínú òfin ìdílé Kalifóníà ló ń ṣe àkóso ọjọ́ yìí. Ó gba adájọ́ láyè láti fúnni ní àṣẹ tí kò ju ọdún 5 lọ. Adájọ́ lè fún ẹnì kan ní ọdún 5, kí ó fún ẹlòmíràn ní ọdún 1 tàbí 3. Bí ẹ bá yẹ ìwé náà wò tí ẹ kò rí ọjọ́ ìparí kankan, òfin yìí kan náà sọ pé ọdún 3 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi àṣẹ náà lélẹ̀.

Ẹ má retí pé ẹnì kan yóò pè yín láti kóòtù láti sọ pé ọjọ́ ti ń sún mọ́. Lọ́jọ́ tí àṣẹ bá parí, ó parí nìyẹn. Bí ẹni tí àṣẹ náà de bá wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ kejì, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ọlọ́pàá tí ì bá mú un lánàá lè máà rí ohun tí yóò fi mú un lónìí. Ìbọn tí òfin kò jẹ́ kí ó ní nítorí àṣẹ náà, kò sí ohun tí yóò tún dí i lọ́wọ́ àtirà á, àyàfi bí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn bá wà lọ́rùn rẹ̀.

Oṣù 3 tó ṣáájú ọjọ́ ìparí ni òfin yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè. Bí àṣẹ yín bá máa parí ní 14 Oṣù Kẹsàn-án 2027, láti 14 Oṣù Kẹfà ọdún náà ni ẹ ti lè gbé ìwé lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé ẹni tí àṣẹ de lọ́wọ́ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, ẹni tó bá sì ti kó kúrò níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó rí i.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá kí ẹ tó rántí, kò sí ohun tó kù láti sọ dọ̀tun. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DV-100, bí ẹni tí kò wá sí kóòtù rí. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ti tì: abala 6301 sọ pé bí ìwà ipá náà bá ti pẹ́, pípẹ́ rẹ̀ nìkan kò tó ohun tí adájọ́ yóò tìtorí rẹ̀ dá yín padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn jìn, ẹ ó sì tún gbogbo ẹ̀rí kó jọ.

Ẹ kíyè sí irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Èyí tí ọlọ́pàá gbà fún yín lóru ọjọ́ ìjà, EPO-001, kì í ju ọjọ́ 7 lọ. DV-110 jẹ́ àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ tó ń dá ààbò bò yín títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. CR-160 wá láti kóòtù ọ̀daràn, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba sì ni ẹ ó ti béèrè nípa rẹ̀. DV-130 nìkan ni ohun tí mo ń sọ níhìn-ín wà fún. Ẹlòmíràn ní CR-160 àti DV-130 pọ̀, tó sì rò pé bí ọ̀kan bá ṣì wà, èkejì wà. Ọjọ́ ìparí wọn lè yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò pọn dandan kí ó tún lù yín

Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú orí ìwé yìí, ẹ rántí èyí. Obìnrin kan á ronú pé nígbà tí ọkùnrin náà kò ti fọwọ́ kan òun láti ọdún mẹ́ta, adájọ́ á ní kí lòun tún wá ṣe. Ojú á tì í, á jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Òfin kò rò ó bẹ́ẹ̀. Abala 6345 sọ ọ́ gbangba pé adájọ́ lè sọ àṣẹ dọ̀tun láìjẹ́ pé ẹni tó béèrè fi hàn pé ìwà ipá mìíràn ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ àkọ́kọ́.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Kalifóníà ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ẹjọ́ kan ní 2004. Bí ó bá jẹ́ pé ó dìgbà tí wọ́n bá tún lu ènìyàn kí àṣẹ rẹ̀ tó lè gùn sí i, a jẹ́ pé ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kùnà nìkan ni yóò rí ààbò gbà, ẹni tí àṣẹ tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ni yóò pàdánù rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń rí láti ọdún mélòó kan yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àṣẹ náà ló mú un wá. Bí lọ́yà rẹ̀ bá dìde tó ní, “Oníbàárà mi kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti ìgbà yẹn,” ìdáhùn yín wà nínú òfin.

Ohun tí adájọ́ ń wá ni ìbẹ̀rù tó ní ìdí. Yorùbá ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Adájọ́ mọ̀ pé ẹ ó sá. Ohun tí ó fẹ́ kí ẹ fi han òun ni pé ejò ni ẹ rí. Ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé bí ẹlòmíràn tó ní làákàyè bá wà ní ipò yín, tí ó mọ ohun tí ẹ mọ̀, òun náà yóò bẹ̀rù pé ìwà ipá lè tún wáyé. Kò béèrè pé kí ẹ̀rí náà kọjá iyèméjì bíi ti ẹjọ́ ọ̀daràn, bí òṣùwọ̀n bá ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín díẹ̀, ó tó.

Adájọ́ á wo ohun tó fa àṣẹ àkọ́kọ́. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà bá burú gan-an, ó lè tó fúnra rẹ̀. Á wo ohun tó ti yí padà: ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti bá ọ̀nà yín lọ, àbí ọmọ ṣì ń fà yín pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ó tún lè wo ìnira tí àṣẹ náà fi sórí ẹni tó dè, fún àpẹẹrẹ bí kò bá jẹ́ kí ó rí iṣẹ́ ṣe, àmọ́ bí ewu tó wà bá jẹ́ ti kí ó ṣe yín léṣe, ìnira bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Bí ẹni tí àṣẹ de kò bá sì takò ó rárá, adájọ́ lè sọ ọ́ dọ̀tun lórí ìbéèrè yín nìkan.

Ìwà ipá tí a ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni òfin Kalifóníà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíká ènìyàn mọ́ jẹ́ ọ̀nà kan láti ba ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni jẹ́: kí wọ́n yà yín kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí, kí wọ́n máa ṣọ́ owó yín àti ìrìn yín, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú halẹ̀ mọ́ yín. Ẹni tó gba páálí ìrìnnà yín lọ́wọ́ yín, tó ní òun yóò pe àwọn oníwèé ìgbélùú láti wá dá yín padà sí Nàìjíríà, ó ti ṣe ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ohun tí ẹ ó kọ

Fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi béèrè ni DV-700. Kò gùn, èyí sì ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á kọ “mo ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀” sí àyè kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i, ó parí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bébà mìíràn kún un. Àbọ̀ iṣẹ́ náà wà nínú ohun tí ẹ bá kọ kí ẹ tó dé iwájú adájọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtijọ́. Adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ yín lónìí lè máà jẹ́ èyí tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, kò sì mọ̀ yín rí. Ẹ sọ èyí tó burú jù lọ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fi lù yín, ibi tó fi ọgbẹ́ sí, bí ọmọ bá wà níbẹ̀, bí ẹ bá lọ sí ọsibítù. Kíkọ ọ́ lè dun ènìyàn dé egungun. Ẹ wá ẹni tí yóò jókòó tì yín, kí ẹ sì sinmi nígbà tó bá yẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí àṣẹ ti wà. Àpẹẹrẹ bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí: “Ní 9 Oṣù Kejì, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa. Àṣẹ ní kí ó jìnnà sí ibẹ̀ ní 100 yáàdì. Kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi gbé ọmọ. Kò sọ nǹkan kan. Mo pe ọlọ́pàá, nọ́ńbà ìwé tí wọ́n kọ nìyí.” Kò sí ariwo nínú rẹ̀, kò sí ìbúni. Ọjọ́, ibi, ìṣe, ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ rí i lójú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ ìdí tí ìbẹ̀rù náà fi kù. Bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n. Bóyá ó mọ ilé tuntun tí ẹ kó sí. Bóyá ọjọ́ tí àṣẹ máa parí wà lórí ahọ́n rẹ̀, tó ti sọ fún ẹnì kan pé òun ń kà á. Bí kò bá sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ẹ sì sọ pé ẹ gbà pé nítorí àṣẹ náà ló ṣe jìnnà. Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ìbúra ni ẹ ń ṣe, irọ́ kan ṣoṣo tí lọ́yà rẹ̀ bá rí mú lè ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́.

Ẹ̀rí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá wà lórí WhatsApp, ó sì wà ní èdè wa. Adájọ́ kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá wà ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ògbufọ̀ tó kúnjú ìwọ̀n búra sí. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ògbufọ̀ Yorùbá kò sí ní gbogbo àdúgbò. Ògbufọ̀ yóò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, kò ní sọ ìwúwo rẹ̀ nílé wa. Bí ó bá fi ohùn ránṣẹ́ pé “Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán, wàá rí i,” ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ kí ó tó lù yín, àti ohun tó tẹ̀lé e nígbà tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn. Bí ó bá ṣépè, ẹ ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára yín.

Ẹbí, pásítọ̀, àwọn alárinà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wa tó jẹ́ òyìnbó. Ìgbéyàwó wa kì í ṣe ti ènìyàn méjì, ìjà rẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti ènìyàn méjì. Àbúrò ọkọ á pè láti Ìbàdàn. Pásítọ̀ á ní kí ẹ wá kí á gbàdúrà. Bàbá yín pàápàá lè sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ẹ ka DV-130 yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí adájọ́ bá ti ní kí ó má kàn sí yín, kò gbọ́dọ̀ kàn sí yín fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ rán ẹlòmíràn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè tó ní, “Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́,” rírú àṣẹ nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó pè, àti ohun tó sọ. Àmọ́ ẹ fi òtítọ́ yà á sọ́tọ̀: òun nìkan ni àṣẹ náà de, kò de ìyá rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá pè yín láti béèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó wù ú, tí ẹnikẹ́ni kò rán an, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀. Adájọ́ á gba ẹ̀rí yín gbọ́ sí i bí ó bá rí i pé ẹ mọ ìyàtọ̀.

Ìpàdé ìdílé kò lè yí àṣẹ kóòtù padà. Bí àwọn àgbà bá parí ìjà ní pálọ̀, tí gbogbo ènìyàn dìde tí wọ́n dìmọ́ra, àṣẹ náà ṣì dúró bí ó ti wà, ọlọ́pàá sì lè mú un lọ́jọ́ kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ pè é wá. Adájọ́ nìkan ló lè yí i. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti pè é rí, tàbí ẹ jókòó pọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ sọ ọ́ nínú ìwé yín pẹ̀lú ìdí rẹ̀ kí lọ́yà rẹ̀ tó sọ ọ́. Obìnrin tó pe bàbá ọmọ rẹ̀ nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ṣì lè máa bẹ̀rù rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà tó ń lani níjà. Ṣùgbọ́n àgbà tó ní kí obìnrin fi àṣẹ ààbò sílẹ̀ kí ojú ẹbí má bàa tì, tí kò béèrè ohun tó gbé e dé kóòtù, ó ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn tọrẹ. Kò sí ẹni tó yẹ kí ó bínú bí ẹ bá fèsì pé, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí kóòtù kọ́kọ́ parí tirẹ̀.”

Láti àyè akọ̀wé dé iwájú adájọ́

Ẹ kó DV-700 tí ẹ kọ, ẹ̀dà DV-130 yín, àti DV-710 lọ bá akọ̀wé kóòtù tó fún yín ní àṣẹ àkọ́kọ́. Ẹ kò ní san owó kankan. Ilé ẹjọ́ ní ibùdó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí kò ní lọ́yà, wọ́n á bá yín yẹ ìwé wò láìgba owó. DV-710 ni wọ́n ń kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí. Kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ náà kọjá ọjọ́ tí àṣẹ yín máa parí. Bí ó bá kọjá, ẹ béèrè kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé pé àṣẹ àtijọ́ wà títí di ìgbẹ́jọ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí èyí.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó mọ ibi tí ẹ ń gbé, ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín sínú fọ́ọ̀mù náà, nítorí yóò gba ẹ̀dà rẹ̀. Ìjọba Kalifóníà ní ètò kan tó ń jẹ́ Safe at Home, tó ń fún ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí ní àdírẹ́sì mìíràn tí yóò máa lò.

Ẹ kò lè fún un ní ìwé náà fúnra yín. Ṣẹ́rífù á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ rán ẹni tó ti pé ọdún 18 tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àṣẹ náà. Ẹni tó bá fún un yóò kọ DV-200 láti jẹ́rìí, ẹ ó sì dá a padà sí kóòtù. Bí wọn kò bá rí i, ẹ lọ béèrè ọjọ́ mìíràn lọ́wọ́ adájọ́, ẹ má kàn jókòó sílé.

Ẹ béèrè ògbufọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ìwé sílẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọ̀ yín lọ́rùn. Kóòtù ló máa sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tó fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn bá ń lù, èdè ìyá ẹni ló ń jáde. Ẹ má mú ọmọ yín lọ ṣe ògbufọ̀.

Lórí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n á béèrè iye ọdún tí ẹ fẹ́. Òfin gba ọdún 5, ó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gba títí láé. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó fẹ́ gba ẹ̀mí, tàbí tí ọmọ tí ẹ bí fún un bá ṣì kéré, ẹ béèrè títí láé láìtijú. Bí adájọ́ bá fún yín ní ọdún 5, ẹ lè tún padà wá nígbà tí ìyẹn náà bá fẹ́ parí.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹ lè mú ẹnì kan dání tí yóò jókòó tì yín, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lọ́yà. Bí ojú rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà yín, òfin gbà kí ẹ fara hàn láti ọ̀nà jíjìn, lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kóòtù yín kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti owó oúnjẹ kò sí nínú ohun tí wọn ń sọ dọ̀tun lọ́jọ́ yìí. Àṣẹ tí adájọ́ ti pa lórí wọn ń bá a lọ fúnra rẹ̀ bí àṣẹ ààbò tilẹ̀ parí.

Bí adájọ́ bá gbà, yóò fọwọ́ sí DV-730. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ibi iṣẹ́, àti àpò yín. Bí adájọ́ bá kọ̀, ẹ lè lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ tí òfin fúnni kò sì pọ̀, nítorí náà ẹ wá lọ́yà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò bẹ̀rẹ̀ lè pe 1-800-799-7233, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí wọ́n hùwà ipá abẹ́lé sí, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e.

Àṣẹ náà bá yín dé gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá kó lọ sí Houston tàbí Baltimore, ọlọ́pàá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Kò bá yín dé ilé. Bí ẹ bá ń lọ sìnkú tàbí ṣọdún ní Èkó, tí ẹ sì mọ̀ pé òun náà ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé ọlọ́pàá Ìkẹjà kò ní fi ìwé Kalifóníà mú un. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 tó lòdì sí ìwà ipá abẹ́lé ní àṣẹ ààbò tirẹ̀, Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, DSVA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé, sì wà ní Èkó tí ẹ lè lọ bá. Ẹ mú ẹ̀dà DV-730 yín dání lọ síbẹ̀, adájọ́ Èkó lè wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀.